Àmín tí Hùmúàní Ṣe ní Ẹsẹ̀ Odò

Bí ẹ bá sọ fún oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ní Kẹtú pé Ajégúnlẹ̀ lẹ̀ ń lọ, á kọ́kọ́ wò yín láti òkè délẹ̀, á ní ṣé ti Àpápá ni. Ẹ ó ní rárá o, ti ẹ̀yìn Owódé Onírin ni, ti ẹsẹ̀ odò, níbi tí omi ti máa ń wọlé ṣáájú onílé. Ìgbà yẹn ló máa rántí. "Háà, Mọ́mì, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì!" Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ wọlé jókòó. Òótọ́ ló sọ, kò bú yín.

Ibẹ̀ ni Hùmúàní ń gbé, obìnrin Ṣakí tó ti pẹ́ ní Èkó débi pé tó bá délé, àwọn ẹbí ẹ̀ á ní kó rọra máa sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹnikẹ́ni kì í fi ṣe àdúrà fún ọmọ. Àpò ló ń fọ̀. Gbogbo àpò tí wọ́n fi ń kó àlùbọ́sà àti ẹ̀wà àti ata gbígbẹ wọ Máìlì 12 láti òkè Ọya, tí wọ́n bá ti tú ohun tó wà nínú ẹ̀ tán, ó di ìdọ̀tí sẹ́yìn ọjà. Hùmúàní á ṣa wọ́n jọ, á dì wọ́n ní ìdì ìdì, á kó wọn wá sẹ́sẹ̀ odò. Á rẹ wọ́n, á fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n, á nà wọ́n mọ́ pákó, á ṣàn wọ́n títí òórùn àlùbọ́sà á fi bá omi lọ. Á wá sá wọn sórí koríko títí dé ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Tí wọ́n bá gbẹ, á jókòó ti abẹ́rẹ́ gbọọrọ kan, á rán ibi tó ya, ohun tí wọ́n ti sọ nù á tún di àpò, àwọn ará ọjà á tún wá a wá. Ìyá Alápò ni wọ́n ń pè é. Ọmọdé tó bá fẹ́ bá a ṣẹ̀fẹ̀ á ní, "Ìyá Alápò, ẹ fi mí sínú ẹ̀." Á ní, "O ò tíì gbẹ."

Iṣẹ́ yìí ò ṣeé ṣe nínú ilé. Yàrá kan ni Hùmúàní ní, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ò sì gba ju ìkòkò àti àgbá omi lọ. Ẹsẹ̀ odò ni gbogbo àgbàlá tó ní láyé. Kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ibẹ̀ lọkọ̀ ń gúnlẹ̀, ibẹ̀ làwọn awayanrìn ń da yanrìn sí, ibẹ̀ sì ni omi fúnra ẹ̀ máa ń tẹ́ ara ẹ̀ sí nígbà òjò, kó tó rántí pé àwọn ènìyàn nílé nítòsí.

Àtàndá ọkọ ẹ̀, níbẹ̀ lòun náà ti jẹun. Awayanrìn ni tẹ́lẹ̀, nígbà tó ṣì lágbára. Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó fi yanrìn sílẹ̀, ó ra ọkọ̀ àlòkù kan, ó ń tù ú. Tí omi bá ti gba títì, Àtàndá ló ń gbé àwọn ọmọ iléèwé jáde, òun ló ń gbé ìyá tó ń rọbí, òun ló ń gbé olè tí wọ́n mú. Ó máa ń sọ pé ọkọ̀ òun ò mọ ènìyàn, ìwúwo ló mọ̀.

Ó kù díẹ̀ kí àìsàn náà dá Àtàndá dúbúlẹ̀ ni àwọn kan dé, tí wọ́n kan èèkàn olórí pupa láti ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ títí lọ dé ìdí afárá. Ilé-iṣẹ́ kan ni, wọ́n ní ọ̀nà Gbàgádà ni ọ́fíìsì wọn wà. Wọ́n ní àwọn máa da yanrìn sí gbogbo etí odò yẹn, àwọn á gbé e sókè, àwọn á wá to ṣọ́ọ̀bù lé e lórí, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì bí eyín: ibi tí wọ́n ti ń jẹun, ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù, ibi tí wọ́n ti ń ṣerun. Wọ́n ní tó bá parí, ẹ ò ní mọ̀ pé Ajégúnlẹ̀ ni. Bàbá Fáṣínà, alága àwọn onílé, dá wọn lóhùn pé òun ti pẹ́ lẹ́ni tó mọ ibi tóun ń gbé, òun ò fẹ́ kó rú òun lójú lọ́jọ́ ogbó.

Àdúgbò ò gbà. Àtàndá dìde ní mítìn, ó ní, "Bẹ́ ẹ bá dínà mọ́ omi níwájú, ẹ̀yìnkùlé yín ló máa gbà wọlé." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àǹtí Mojí, tó ń fi àga àti kánńpì háyà fún àwọn olóde, tó tún jẹ́ olórí àwọn obìnrin, kó àwọn obìnrin jókòó sójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí tíípà àkọ́kọ́ dé, tíípà sì fi ẹ̀yìn rìn padà. Hùmúàní ò lè pariwo bíi ti Mojí. Ohun tóun ṣe ni pé ó sá àpò tútù lé gbogbo èèkàn yẹn lórí, tí ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀dà pupa á kọ́kọ́ bá a ká àpò.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sọ fẹ́nikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì tí Àtàndá sọ̀rọ̀ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ yẹn, Faridah, ọmọ wọn obìnrin, tó ń ránṣọ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé onílé, wá kí bàbá ẹ̀. Òjò ti rọ̀ sára aṣọ oníbàárà ẹ̀, ó ń sunkún. Àtàndá wò ó títí, ó wá mí kanlẹ̀, ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù kan ì bá mà dáa fún ọmọ yìí o." Hùmúàní gbọ́ ọ. Àtàndá tó sọ tàná náà ni. Kò bi í léèrè pé èwo ni ká mú nínú méjèèjì, ó rò pé àyè ṣì wà.

Àyè ò sí. Àyà tó ń dùn ún yẹn mú un lọ.

Ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Mojí fúnra ẹ̀ ló gbé kánńpì àti àga wá, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ owó. Ààfáà Gafar ti ṣe wáàsí tán, wọ́n ti ń gbé oúnjẹ káàkiri, nígbà tí ọkùnrin kan wọlé nínú jalabíà funfun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Hùmúàní láìwo ẹrẹ̀. Ayọ̀ọlá ni. Òun ni ilé-iṣẹ́ oníṣọ́ọ̀bù yẹn máa ń rán sí àdúgbò láti wá fi ọ̀rọ̀ dídùn pa wọ́n lójú dé. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ní í lé àlejò níbi àdúrà òkú?

"Mọ́mì, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi àdúrà díẹ̀ ti bàbá wa lẹ́yìn?"

Hùmúàní wo Ààfáà, Ààfáà mi orí pé kò burú. Àdúrà kì í pọ̀ jù.

Ayọ̀ọlá gbé ọwọ́ sókè. Ohùn ẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Ọlọ́run á forí jin bàbá wa."

"Àmín."

"Á fẹ sàréè wọn lójú."

"Àmín."

"Kò ní fi ẹ̀yìn wọn sílẹ̀."

"Àmín!"

"Mọ́mì wa ò ní ṣọ̀fọ̀ ọmọ."

"Àmín! Àmín o!"

"Omi ò ní gbé wa lọ."

"ÀMÍN!"

"Ẹsẹ̀ odò tí wọ́n fi ayé wọn sìn yìí, Ọlọ́run á sọ ọ́ di ibi ọlà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń bọ̀ níbẹ̀, Ọlọ́run á fàṣẹ sí i, á fòǹtẹ̀ lù ú, ẹnikẹ́ni ò ní lè dá a dúró."

"ÀMÍN!"

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí Àmín ṣe rí. Ó dà bí igbá tó ń yí lọ sísàlẹ̀ òkè, tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í dúró wo ohun tó wà níwájú. Gbogbo kánńpì ló ṣe é, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ti Hùmúàní ló sì ròkè jù lọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ojú ẹ̀ wà ní pípadé, omijé ń bọ́. Ohun tó ń rí lójú ẹ̀ nígbà náà ni sàréè tó ń fẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà, ó wà nínú omi dé orókún, ó ń ṣan àpò, nígbà tó gbọ́ ohùn Mojí láti òkèèrè.

"Ìyá Alápò! Ẹ fàpò yẹn sílẹ̀ o! Ẹ ti tà wá!"

"Ta ni mo tà?"

"Gbogbo wa! Pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì!" Mojí na fóònù sí i lójú. Fídíò ni, ó ti wà lórí Wọ́tsáàpù gbogbo àdúgbò. Ẹnì kan ló ti ń yà wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ kan ní ọjọ́ yẹn. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni "Omi ò ní gbé wa lọ," ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí ni "ẹnikẹ́ni ò ní lè dá a dúró," Hùmúàní ló sì wà láàárín gbùngbùn àwòrán náà, ọwọ́ lókè, tó ń pariwo Àmín bí ẹni tí wọ́n fún lọ́mọ. Wọ́n kọ nǹkan sí abẹ́ ẹ̀. Mojí kà á fún un: àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ti fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀, àti opó olóògbé tó ti ń ta kò ó tẹ́lẹ̀.

Hùmúàní wo obìnrin inú fóònù yẹn. Kò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ni. "Mojí, ìwọ ò wà níbẹ̀ ni?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ìwọ ò ṣe Àmín?"

"Ẹnu mi ló ṣe é, Màámi. Èmi ò ṣe é."

"Ẹnu tèmi náà ńkọ́?"

"Ẹnu tiyín ló wà nínú fídíò!"

Àpò kan ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, omi ti ń gbé e lọ. Kò lé e.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dàrú mọ́ ọn lójú. Ó lọ bá Ààfáà Gafar ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun àsárì. Ààfáà ń ká ẹní.

"Ààfáà, Àmín tí mo ṣe lọ́jọ́sí, ṣé ó ti wọlé?"

"Àmín tó bá ti bọ́ lẹ́nu, Ìyá Faridah, ó ti dé ibi tó ń lọ."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ kẹ̀."

"Mo wá wò ó bóyá ẹ lè bá mi yọ díẹ̀ kúrò nínú ẹ̀. Ti ìparí yẹn."

Ààfáà dá ẹní ọwọ́ ẹ̀ dúró. "Ṣé ata ni?" Nígbà tó rí ojú obìnrin náà, ó rọ ohùn. "Ọlọ́run mọ inú o. Ohun tó wà nínú yín lọ́jọ́ náà, òun ló máa gbà."

"Kí ló wá wà nínú mi?"

"Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ yẹn."

"Mi ò mọ̀, Ààfáà. Ìdí tí mo fi wá bá yín nìyẹn."

Ààfáà náà ò mọ̀. Ó ká ẹní ẹ̀ lọ.

Bó ṣe ń padà bọ̀ wálé ló bá Ayọ̀ọlá lórí àga ní iwájú ilé ẹ̀, pẹ̀lú Faridah. Ọkùnrin náà tún dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun wá dúpẹ́ ni. Ó ní Faridah ti sọ fóun pé ìránṣọ ló ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù ti igun, tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ lọ́nà méjì, tiẹ̀ ni.

"Ọ̀gá," ni Hùmúàní wí, "mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan."

"Mọ́mì, ẹ ṣe Àmín."

"Mo ṣe é fún ọkọ mi."

"Àdúrà kan náà ni, Mọ́mì. Ẹ̀mí kan náà la fi gbà á. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ kó Àmín yín padà, kò burú o. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ lẹ máa kó padà." Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣàwàdà, ó dágbére, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn jókòó sí Hùmúàní láyà bí ẹ̀gún ẹja sí ọ̀fun. Ó wò ó sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì. Bó bá jáde sí gbangba tó ní Àmín òun kì í ṣe Àmín, èwo ni yóò wá ṣẹ́ kù fún Àtàndá? Ẹnu kan, àdúrà kan, èémí kan. Ṣé ènìyàn lè fa irun tíǹrín kan yọ nínú ẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ má tú? Bó bá sì panu mọ́, wọ́n á da yanrìn, ẹsẹ̀ odò á lọ, omi á máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí olóògbé ṣe wí. Ó máa ń kúnlẹ̀ lórí koríko láti sá àpò, á gbàgbé pé àpò lòun fẹ́ sá, á kàn kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Faridah ò ràn án lọ́wọ́. "Mọ́mì, Dádì fúnra wọn ní ṣọ́ọ̀bù á dáa fún mi."

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mi ò sí níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n tún ní omi á gba ẹ̀yìnkùlé."

"Ìyẹn ní mítìn nìyẹn. Èyí, inú ilé ni wọ́n ti sọ ọ́. Èwo lòótọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí bàbá ènìyàn sọ ní mítìn àti èyí tó sọ nínú ilé?"

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni Hùmúàní fi bá ọkùnrin náà gbé, ó wá dà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Káńsù pe mítìn. Ọgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe é sí, Mojí tún gbé kánńpì wá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a ṣẹ̀fẹ̀ pé kó ṣọ́ra, ẹni tó bá jókòó lábẹ́ kánńpì ẹ̀ kì í mọ ohun tóun ṣe Àmín sí. Obìnrin kan láti káńsù, Ìyáàfin Adédiwúrà, jókòó níwájú pẹ̀lú gíláàsì lójú. Ó ní òun ò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ìbéèrè kan ṣoṣo lòun mú wá: ṣé àdúgbò gbà kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹsẹ̀ odò, àbí wọn ò gbà? Tí wọ́n bá gbà, yanrìn á bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí wọn ò bá gbà, kí wọ́n sọ ọ́ kóun gbọ́.

Bàbá Fáṣínà dìde, ó ní wọn ò gbà. Gbogbo ọgbà hó. Ayọ̀ọlá náà dìde, kò hó, ó kàn tan fóònù ẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ohùn ara wọn ló bo ọgbà mọ́lẹ̀. ÀMÍN! Ó ṣòro fún ènìyàn láti gbọ́ ohùn ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó má wolẹ̀.

"Ta ni màmá tó wà láàárín yìí?" ni Ìyáàfin Adédiwúrà béèrè.

Wọ́n ti Hùmúàní síwájú.

"Màámi, ẹ̀yin ni opó olóògbé?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ ṣe Àmín yìí?"

Mojí ń mi orí fún un láti ẹ̀yìn, ó ń ṣẹ́ ojú, ó ń fẹnu sọ 'rárá' láìfọhùn. Faridah wà lápá kejì, kò wo ojú ẹ̀.

"Mo ṣe é," ni Hùmúàní wí.

Ọgbà kérora. Ẹnì kan ní, "Ó ti parí." Ayọ̀ọlá ń rọra ká wáyà fóònù ẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ẹ ò gbà á mọ́?"

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀." Omi ti lé sójú ẹ̀. "Ẹ má bínú. Ọkọ mi wà nínú ẹ̀. Àdúrà ọkọ mi ló ṣáájú, ti ṣọ́ọ̀bù ló kẹ́yìn, mi ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti bi Ààfáà, Ààfáà ò mọ̀. Mo ti bi ọmọ mi. Bí mo bá kó o padà, mi ò mọ ohun tí mò ń kó." Kò ní in lọ́kàn láti sọ ohun tó sọ tẹ̀lé e, ó kàn ń wá ẹni tó máa là á yé e ni. Ó yíjú sí Ayọ̀ọlá. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ gba àdúrà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un gbà. Ẹ rọra gbà á, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Èyí tó bá jẹ́ ti Àtàndá, màá tún ṣe Àmín rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, àá wá mọ̀ ọ́n."

Ayọ̀ọlá rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ó ti wà nínú fóònù. Ẹ jẹ́ n tún un tàn."

"Mi ò ní kí fóònù gbà á. Fóònù ò wá kí mi kú ọ̀fọ̀."

Ẹ̀rín sọ níbì kan. Ìyáàfin Adédiwúrà ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, àdúrà ṣáà ni.

Ayọ̀ọlá gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n fi ẹ̀rọ agbóhùnsókè sí i lẹ́nu. "Ọlọ́run á forí jin bàbá wa... bàbá..." Ó wo Faridah. Faridah wo ilẹ̀. "Bàbá wa, ọkọ Mọ́mì."

"Kí lorúkọ wọn?" Láti ẹ̀yìn ni, ohùn awayanrìn kan. "Ọlọ́run mélòó ló mọ ọkọ Mọ́mì? Mọ́mì pọ̀ ní káńsù Kósọ̀fẹ́ o!"

"Bàbá... ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mú sùúrù. Àlhájì..."

"Kò dé Mẹ́kà rí!" ni Mojí kígbe. "Ọkọ̀ lòun ń tù!"

Ọgbà ti ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Hùmúàní ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹnu ọkùnrin náà bí ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n ní ẹni òun máa gbà jáde. Ayọ̀ọlá ò mọ orúkọ Àtàndá. Ní ọjọ́ yẹn náà, kò mọ orúkọ ẹ̀. Sàréè tí ojú òun rí tó ń fẹ̀ yẹn, sàréè ta ni?

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Hùmúàní wí. Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́: kò pè é ní Ọ̀gá mọ́, 'ẹ̀yin' ti di 'ìwọ'. Kò pariwo. "O dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo ní ọmọ gidi nìyí. Ta lo wá ń ṣàdúrà fún?"

Ayọ̀ọlá gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ó tiẹ̀ dà bí ẹni pé ojú tì í ní tòótọ́. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni."

Ìyáàfin Adédiwúrà bọ́ gíláàsì ẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní òun ò mọ̀ nípa àdúrà, ṣùgbọ́n òun ò lè mú Àmín bí èyí lọ sí ọ́fíìsì kóun sọ pé àdúgbò ló gbà. Ó ní káńsù máa dá iṣẹ́ náà dúró ná. Kí ẹnikẹ́ni má da yanrìn. Kí wọ́n yọ èèkàn. Tí òjò bá kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á tún jókòó.

Ariwo ta. Àwọn obìnrin gbé Mojí sókè bí ẹni pé òun ló ṣe é. Bàbá Fáṣínà ń gbọn fìlà ẹ̀ káàkiri. Hùmúàní dúró sójú kan, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, wọ́n ní ó ṣe é, ó ṣe é, kò sì mọ ohun tóun ṣe.

"Mojí, kí ni 'ná' tí wọ́n wí yẹn túmọ̀ sí?"

"A ti borí nìyẹn!"

"Wọ́n ní tí òjò bá lọ, wọ́n tún ń bọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí òjò lọ ná!"

Faridah dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Kò bínú bó ṣe rò pé ó máa bínú, ìyẹn ló sì burú jù. "Mọ́mì, ìmọ́lẹ̀ ì bá máa wọ ọ̀hún lọ́nà méjì," ló wí, ó sì fa aṣọ borí. Hùmúàní ń wò ó lọ. Omi ò ní gba ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ ẹ̀ náà ò ní jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò mọ èyí tí Àtàndá ì bá pàtẹ́wọ́ fún nínú méjèèjì.

Ó wá rántí ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù. Ó wá Ààfáà Gafar rí láàárín èrò, ó di apá aṣọ ẹ̀ mú. "Ààfáà, ẹ má tíì lọ. Ọkọ mi ò rí àdúrà gbà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bá mi gbà á fún un báyìí. Ẹ dárúkọ ẹ̀."

Ààfáà ní òun ti gbà á lọ́jọ́ yẹn, kí ọmọ yẹn tó dé rárá.

"Ẹ tún un gbà. Èyí tó kẹ́yìn ti bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ààfáà gba ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́. Wọ́n dákẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. "Àtàndá ọmọ Rájí, ará Ṣakí, ọkọ Hùmúàní, Ọlọ́run á forí jìn ín."

Kẹ́kẹ́ pa. Ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Gbogbo ọwọ́ wà lókè, gbogbo etí là sílẹ̀, gbogbo ẹnu wà ní pípadé.

Ààfáà la ojú. "Kí ló dé? Ẹ ò ní ṣe Àmín ni?"

"Ẹ máa bá a lọ ná, Ààfáà," ni Bàbá Fáṣínà wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ibi tó ń lọ."

"Èmi Gafar? Èmi tí mo sọ gbogbo ọmọ yín lórúkọ?"

"Kò sí ìjà níbẹ̀, Ààfáà. Ẹ parí ẹ̀ la wí."

Ààfáà kanra, ó tún ojú pa dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ láìdúró fún ẹnikẹ́ni, ní kíákíá, Lárúbáwá àti Yorùbá pọ̀ mọ́ra, pẹ̀lú ìbínú díẹ̀ nínú ẹ̀. Hùmúàní gbìyànjú láti máa tẹ̀lé e. Ó gbọ́ Àtàndá. Ó gbọ́ sàréè. Ó gbọ́ omi, kò sì mọ̀ bóyá omi odò ni tàbí omi Alijánnà. Kò lè mú Àmín mọ́ra mọ́.

"Àmín!" Òun nìkan ló ṣe é. Ó ròkè, ó dún dé ògiri iléèwé, gbogbo ojú yí sí i. Ìpayà mú un. Ó fà mọ́ apá Mojí tó dúró tì í, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mojí, jọ̀ọ́, kí ni wọ́n wí kẹ́yìn yẹn?"